Wọ́n Mu Iná Wa Gbẹ

Ọ̀sán gangan ni tiransifọ́mà àdúgbò wa ní Ọyẹ́-Èkìtì bẹ́. Ó dún bí ìgbà tí òkúta ńlá bọ́ lu páànù, epo dúdú sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán sílẹ̀ láti ìdí rẹ̀. A rò pé àwọn tó ń ta iná fún wa yóò wá tún un ṣe. Wọ́n wá lóòótọ́. Wọ́n dúró lábẹ́ òpó, wọ́n gbójú sókè, wọ́n mi orí, wọ́n ní kí àdúgbò lọ ra òmíràn.

Mo bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin lẹ ni iná, ẹ̀yin lẹ ni wáyà, ẹ̀yin náà lẹ ń já iná wa tí a kò bá tètè sanwó. Báwo ló ṣe wá jẹ́ pé àwa la ó ra tiransifọ́mà?"

Ọ̀gá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi gbogbo nìyẹn."

Ẹ̀rín yẹn kò kúrò létí mi. Ṣùgbọ́n kí la lè ṣe? A dáwó. Opó dá, akẹ́kọ̀ọ́ tó yá yàrá kan ṣoṣo dá, àgbẹ̀ tó ń ti oko Ìpáò gbé iṣu wálé ta nínú iṣu tó fẹ́ gbìn kó tó rí tirẹ̀ dá. Nígbà tí tiransifọ́mà tuntun dé, a jó, a sì fà á lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n bá wa gbé e kọ́. Ìgbà tí wọ́n gbé e kọ́ tán ni wọ́n wá sọ fún wa pé ohunkóhun tó bá ti kan wáyà àwọn, tiwọn ló dà. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi wá tú u, tí wọ́n gbé e lọ sí àdúgbò mìíràn. Wọ́n ní wọ́n nílò rẹ̀ níbẹ̀ jù wá lọ. Òpó tí wọ́n tú u kúrò lórí rẹ̀ ṣì wà níwájú ilé mi. Ẹyẹ ló ń kọ́lé síbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo ti fẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé ni mo fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé mi ṣe, mátánítì àdúgbò wa sì máa ń pè mí ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ kí n wá ran àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké lọ́wọ́. Fíríìjì wà ní mátánítì náà. Káàdì àti aṣọ ìnulẹ̀ ni wọ́n ń tò sínú rẹ̀, nítorí kò sí iná tí yóò mú un tutù. Tó bá di ọjọ́ abẹ́rẹ́, a ó gbé kúlà, a ó wọ táksí lọ sí Ìkọ̀lé, a ó kó abẹ́rẹ́ sáàárín yìnyín, a ó sì sáré padà kí yìnyín tó yọ́. Bí táyà bá bẹ́ lọ́nà, àwọn ìyá ọmọ tó ti ń dúró láti àárọ̀ yóò kàn gbé ọmọ wọn pọ̀n padà ni.

Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ iná fi ká mi lára ju ti ẹlòmíràn lọ. Kì í ṣe nítorí tẹlifíṣọ̀n.

Obìnrin kan wà tó ń gbé ní ilé tó kọjú sí tèmi, ọmọ Ìdọ̀mà láti apá Bẹ́núè, olùkọ́ nípa iná mànàmáná ní yunifásítì. Sólà kékeré kan wà lórí òrùlé rẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n tú tiransifọ́mà wa lọ, ó bá mi lójú títì níbi tí mo ti ń pariwo lé ọkọ̀ tó gbé e lọ lẹ́yìn. Ó fà mí lọ́wọ́ wọlé, ó fún mi ní omi.

Yorùbá rẹ̀ kò dán, ṣùgbọ́n ó yé mi. Ó ní, "Màmá, ilé kan, sólà kékeré, kò dáa. Ilé púpọ̀, sólà ńlá kan, ó dáa gan-an. Ẹ má ra nǹkan fún wọn mọ́. Ẹ ra fún ara yín."

Èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ bẹ̀rẹ̀. Ojúlé sí ojúlé la ń lọ nírọ̀lẹ́. Òun ni yóò sọ bí oòrùn ṣe ń di iná, bí bátìrì ṣe ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́, bí ilé púpọ̀ ṣe lè jọ máa pín in. Èmi ni n ó tún un sọ ní Èkìtì, tí n ó sì fara da èébú. Àwọn kan ní jìbìtì ni. Àwọn kan ní àwọn kò lè bá ayálégbé da nǹkan pọ̀, pé ayálégbé lè kó jáde lọ́la. Pásítọ̀ kan ní bó bá jẹ́ orí òrùlé gbọ̀ngàn ìjọ Áńgílíkà ni sólà yóò wà, ṣé ìjọ tòun kò ní dà bí ọmọ ọ̀dọ̀? Mo sọ fún un pé òrùlé tiwọn ń jò, àti pé oòrùn kò mọ ìjọ. Inú bí i, ṣùgbọ́n ó dá tirẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀ ni ìyá tó ń lọ ata ní ìkóríta. Ayálégbé ni, ẹ̀rọ rẹ̀ sì ń mu epo bẹntiróò bí ẹni mumi. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sí mi nímú. Ó ní, "Ẹ gbóòórùn ẹ̀, Màmá Nọ́ọ̀sì. Bí mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, bí mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, bẹntiróò ló ń rùn. Ọmọ mi kì í jẹ́ kí n fọwọ́ bọ́ òun. Ẹ kọ orúkọ mi sí i."

Ẹnì kejì ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Òun ni alága ẹgbẹ́ onílé ní àdúgbò wa. Mo gbọ́dọ̀ sọ irú ẹni tí ó jẹ́, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tí ọkọ mi kú, tí àwọn kan nínú ẹbí ní kí n kó jáde nítorí n kò bí ọkùnrin, òun ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ní ẹni tó bá fẹ́ lé mi jáde yóò kọ́kọ́ gbé òun ṣubú. Òun ló fún mi ní ìpín kan nínú oko kòkó wọn ní Ìsàn kí n máa rí nǹkan fi ran ara mi lọ́wọ́. Lọ́dọọdún, tí iṣu tuntun bá jáde, ilé mi ló máa ń kọ́kọ́ gbé e wá. Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ sólà lọ bá a, ó gbọ́ mi títí, ó wá ní, "Ìyàwó, bí ó bá ṣe é ṣe, orí ulé tèmi gan-an ni kí ẹ ti fa wáyà kọjá." Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo sì dúpẹ́ dénú.

Ohun tí a dá lé ṣe é ṣe. Sólà gun òrùlé gbọ̀ngàn, bátìrì wọ yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wáyà sì lọ láti ilé dé ilé. A jókòó, a fẹnu kò lórí òfin. Kò sí ẹni tí yóò fi iná náà lọ aṣọ. Kò sí ẹni tí yóò fi se oúnjẹ. Ẹ̀rọ amúlétutù kò gbọ́dọ̀ kàn án rárá. Ìyá ata yóò máa lọ ata nígbà tí oòrùn bá mú, tí òjò bá ṣú kó sinmi. Mátánítì ni yóò ṣáájú gbogbo ènìyàn. Olùkọ́ obìnrin náà ṣàlàyé rẹ̀ pé bátìrì dà bí àmù omi: bí gbogbo wa bá ń fi ife bù ú, yóò tó wa, bí ẹnì kan bá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wá, gbogbo wa la ó pòùngbẹ.

Ọjọ́ tí fíríìjì mátánítì kọ́kọ́ tutù, mo kó àwọn aṣọ ìnulẹ̀ inú rẹ̀ dà síta, mo fi ọwọ́ kan ara rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, mo sì sunkún. Àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké ń fi mí rẹ́rìn-ín. Wọn kò mọ iye kúlà tí mo ti fi orí rù.

Lẹ́yìn náà ni àsìkò ìbò dé.

Ọnọrébù kan, tí ẹnì kankan nínú wa kò rí sójú láti ìgbà tí a ti dìbò fún un, gba ilé kan ní òpin àdúgbò wa, ó sọ ọ́ di ilé ẹgbẹ́ òṣèlú. Ní ọjọ́ kan mo dé láti oko Ìsàn, mo sì bá pátákó ńlá kan níwájú gbọ̀ngàn. Àwòrán ojú rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun ju ti ènìyàn lọ. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé òun ló fi iná sólà ta àdúgbò wa lọ́rẹ.

Ó ṣe mí bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n ọkọ mi nílé. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo ní, "Bàbá, ta ló fi pátákó yẹn síbẹ̀?"

Ó ní, "Èmi ni mo gbà á láyè. Pátákó lásán ni, Ìyàwó. Pátákó kì í jẹ iná. Ó ti ṣèlérí pé òun yóò bá wa tún ojú títì ṣe."

"Ó ti ṣe irú ìlérí yẹn rí."

"Fi ọ̀rọ̀ òṣèlú sílẹ̀ fún wa. Ṣé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ kò tíì tó ọ ṣe?"

Mo gbé ìyẹn mì. Ṣùgbọ́n pátákó nìkan kọ́. Àwọn èèyàn Ọnọrébù ti mú oníná tiwọn wá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti ṣí yàrá bátìrì fún wọn, wọ́n sì ti fa wáyà gbọọrọ kan láti ibẹ̀ lọ sí ilé ẹgbẹ́. Ẹ̀rọ amúlétutù ló wà níbẹ̀, àti fírísà tí wọ́n kó ọtí kún, àti ẹ̀rọ ohùn tó ń mi fèrèsé wa tìtì. Olùkọ́ wa rí i, ó lọ bá alága, ó ní wọ́n ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì bù ú. Alága ní kó lọ máa kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní yunifásítì, pé àlejò kì í mọ ìlú ju onílùú lọ.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ṣe ìpàdé ńlá ní ilé ẹgbẹ́ náà, ọtí ń ṣàn, orin ń lọ. Bátìrì kú. Sátidé kọjá, Sọ́ńdè kọjá, òjò ṣú, oòrùn kò yọ dáadáa, iná kò sì padà. Oko Ìsàn ni mo sùn lópin ọ̀sẹ̀ náà, mátánítì sì máa ń wà ní títì lọ́jọ́ ìsinmi, nítorí náà kò sí ẹni tó sọ fún mi.

Mọ́ńdè ni ọjọ́ abẹ́rẹ́. Nígbà tí mo dé, àwọn ìyá ọmọ ti kún ìta. Mo ṣí fíríìjì, ooru ló fẹ́ sí mi lójú. Àmì kékeré kan máa ń wà lára ìgò abẹ́rẹ́. Funfun ló máa ń wà, bí ooru bá ti ba oògùn inú rẹ̀ jẹ́, àmì náà yóò ṣú. Mo mú ìgò kan, ó ti ṣú. Mo mú òmíràn, ó ti ṣú. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì ìdọ̀tí.

Èmi ni mo jáde lọ sọ fún wọn. Àwọn tó ń gbé nítòsí kùn, wọ́n lọ. Obìnrin kan ṣẹ́kù, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ti abúlé oko kan lẹ́yìn Ìlúpéjú gun ọ̀kadà wá. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó yẹ kó gba abẹ́rẹ́ èéyi wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fa etí ìyá rẹ̀ ṣeré. Obìnrin náà ti wá rí lásìkò tí a ṣì ń lọ sí Ìkọ̀lé, táyà bẹ́ lọ́jọ́ náà. Kò pariwo. Ó tún ọ̀já rẹ̀ gbà, ó ní, "Ó ti tó, Màmá. N kò ní wá mọ́."

Ìbá sàn kó bú mi.

Mo wọ yàrá irinṣẹ́ mátánítì, mo mú puláyà. Mo lọ bá olùkọ́ wa nílé, mo ní kó wá pa iná láti orísun rẹ̀ nítorí mo fẹ́ gé wáyà, n kò sì fẹ́ kú. Ó wo ojú mi, ó wọ bàtà rẹ̀. Ní ojúmọmọ, lójú gbogbo ènìyàn, mo gun àga, mo gé wáyà ilé ẹgbẹ́ òṣèlú, mo ká a bí okùn ẹran, mo gbé e lọ jù sí ẹnu ọ̀nà wọn. Àwọn géńdé tó jókòó síbẹ̀ dìde. Ọ̀kan ní, "Màmá, ṣé orí yín pé?"

Mo ní, "Ìwọ tí mo gún lábẹ́rẹ́ nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́, bi ìyá rẹ bóyá orí mi pé."

Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn mí nínú wọn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ránṣẹ́ sí mi pé ẹgbẹ́ onílé yóò pè mí wá rojọ́.

Wọ́n sún ìpàdé náà títí ìbò fi kọjá. Ní àsìkò yẹn, mo gbé kúlà, mo wọ ọ̀kadà, mo lọ wá ọ̀dọ́mọbìnrin náà lọ sí abúlé wọn. Ojú ọ̀nà burú, mo ń wádìí ká. Nígbà tí mo rí ilé wọn, èéyi ti ṣáájú mi débẹ̀. Ara ọmọ náà ti sú, ojú rẹ̀ méjèèjì pọ́n bí epo, kò lè wo ìmọ́lẹ̀. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìdó. Wọ́n sapá. Ọmọ náà yè. Ṣùgbọ́n èéyi ti fi àwọ̀ funfun bo ẹyinjú rẹ̀ òsì, dókítà sì sọ fún wa pé ojú náà kò ní ríran dáadáa mọ́. Ìyá rẹ̀ bi mí bóyá abẹ́rẹ́ yẹn ìbá ti gbà á. N kò purọ́ fún un. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣeé ṣe kó gbà á."

Ọjọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, ni wọ́n pe ìpàdé náà sí gbọ̀ngàn. Onílé nìkan ló ń jókòó, torí òfin ẹgbẹ́ ni pé ayálégbé kò lóhùn. Àwọn ayálégbé dúró sẹ́yìn fèrèsé níta, wọ́n ń yọjú.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi kò wò mí lójú. Ó ní, "Ìyàwó, o ti dójú tì wá lójú àlejò. Kúnlẹ̀, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹgbẹ́, kí ọ̀rọ̀ yìí parí."

Mo ní, "Bàbá, mo ti kúnlẹ̀ fún yín láàárọ̀ yìí nígbà tí mo kí yín, n ó sì kúnlẹ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ ń wí yìí, n kò ní kúnlẹ̀ rẹ̀." Mo wá sọ ti ọmọ náà fún wọn. Mo sọ ti ẹyinjú rẹ̀. Mo ní, "Ọtí ni wọ́n fi iná yẹn mú tutù. Ẹ lọ sọ fún ìyá ọmọ náà pé kó kúnlẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orí tábìlì. Mo rò pé yóò sọ̀rọ̀ bí ẹni tí mo mọ̀. Ó kàn ní, "Ọ̀rọ̀ ọmọ yàtọ̀, ọ̀rọ̀ àìgbọràn yàtọ̀."

Ohùn kan ti ojú fèrèsé wọlé. Ìyá ata ni. "Ẹ̀yin onílé! Uná tí ẹ fi fún Ọnọrébù, ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ dá a ni? Ta ló bi mí kí ẹ tó fún un? Uṣẹ́ mi dúró, ata bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ ní kí n má sọ̀rọ̀ torí mi ò ní ulé?"

Ẹnì kan ní kí wọ́n ti fèrèsé. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló ṣí. Ìyá ata wọlé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀lé e, àwọn bàbá tó ń yá yàrá tẹ̀lé wọn, olùkọ́ wa náà wọlé. Pásítọ̀ tí òrùlé rẹ̀ ń jò, tí òun pàápàá jẹ́ onílé, ló dìde tó ní, "Ẹni tó bá ń lo iná yìí, tó sì fọwọ́ sí i pé kí Màmá kúnlẹ̀, kó dúró sápá ọ̀tún. Ẹni tí kò bá fọwọ́ sí i, sápá òsì." Apá òsì kún dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi mú fìlà rẹ̀, ó jáde.

Láti ọjọ́ náà, ẹni tí iná bá wọ ilé rẹ̀ ló ní ohùn, ìbáà jẹ́ onílé, ìbáà jẹ́ ayálégbé. Àwọn mẹ́ta ló ń di kọ́kọ́rọ́ yàrá bátìrì mú, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ìdílé kan náà. A wó pátákó yẹn, ìyá ata sì fi ṣe òrùlé ìsọ̀ rẹ̀. Ojú Ọnọrébù wà lókè, òjò ń rọ̀ sí i lẹ́nu. Fíríìjì ń tutù.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé inú mi ti rọ̀. Ọnọrébù wọlé ìbò. Ojú títì tó ṣèlérí ṣì wà bó ṣe wà. Jẹnẹrétọ̀ ńlá kan ti wà ní ilé ẹgbẹ́ báyìí, wọ́n kọ ihò èéfín rẹ̀ sí ọ̀gangan mátánítì. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ránṣẹ́ pé kí n kó àdá mi kúrò lóko Ìsàn. Mo kó o. Tí mo bá rí i lọ́nà, mo máa ń kúnlẹ̀ kí i. Ògiri ló máa ń wò. Ìyẹn dùn mí ju oko lọ, mo sì ń bínú sí i pé ó dùn mí.

Àwọn àdúgbò mìíràn ti ń pè wá báyìí, èmi àti olùkọ́ wa, kí a wá ràn wọ́n lọ́wọ́. A ti lọ sí Ìkọ̀lé. Irú sólà tó dára ni wọ́n máa ń fẹ́ mọ̀ ní gbogbo ìgbà. Èmi máa ń bi wọ́n pé ta ni kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé wọn.

Nígbà tí a dé Ìdó lẹ́nu àìpẹ́ yìí, alága àdúgbò ibẹ̀ kí wa tìyẹ́tìyẹ́, ó wá kọjú sí àwọn obìnrin, ó ní, "Ẹ lọ gún iyán fún àwọn àlejò wa, ká lè máa bá ìpàdé lọ." Àwọn obìnrin dìde. Mo ní n kò jẹ iyán. Mo ní olùkọ́ wa náà kò jẹ iyán, kí alága má sì bẹ̀rẹ̀ títí àwọn obìnrin yóò fi padà jókòó. Ó rò pé mo ń ṣàwàdà. Mo ká ọwọ́ mi sáyà. Ebi ń pa mí gan-an. Ìgbà tó pẹ́, ìyá àgbà kan padà wá, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ iwájú, ó jókòó. Òmíràn tẹ̀lé e. Alága wo mí bí ẹni wo àjẹ́. Mo ní, "Ó yá, ẹ bẹ̀rẹ̀."